Ṣé Ọmọdé Máa Ń Gbàgbé? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Àwọn Ọmọ Júù Tó La Ìnúnibíni Násì Já

Lẹ́tà mẹ́ta ló wọlé sí wa lórí ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́yìn tí a tẹ àpilẹ̀kọ kúkúrú kan jáde nípa Ogun Àgbáyé Kejì. A kó wọn pọ̀ sójú kan nítorí pé ìdáhùn ọ̀kan wọnú ìdáhùn èkejì. Kí àwọn tó kọ̀wé sí wa lórí ọ̀rọ̀ mìíràn jọ̀wọ́ fún wa ní àsìkò díẹ̀ sí i.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Olùkọ́ ìtàn ni mí. Nígbà tí mo ń ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ńṣe ni àwọn Násì, ẹgbẹ́ Hitler tó ń ṣàkóso Jámánì, máa ń pa ẹni tí kò bá lè ṣiṣẹ́ ní Auschwitz, àgọ́ ikú tí wọ́n kọ́ sí Póláǹdì, ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sókè, ó ní òun ti gbọ́ nípa ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tó jáde níbẹ̀ láàyè, ó sì bi mí pé ọ̀nà wo ló gbà. Mo dáhùn pé Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ọmọ náà bá tún bi mí pé ṣé àwọn tó kú kò gbàdúrà ni. Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ǹ bá sọ fún un? — Olùkọ́ Ìtàn

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, olùkọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín, nítorí pé ìbéèrè tí ọmọ náà béèrè ti gba oorun lójú àwọn àgbà inú ẹ̀sìn Júù fúnra wọn láti ìgbà tí ogun náà ti parí. Kì í ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn láti dá ẹjọ́ Ọlọ́run. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ wa ni láti sọ bí ọ̀nà náà ṣe rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ yín kò ṣìnà rárá, nítorí pé àwọn ọmọdé wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń pa. Nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 6 Júù tí ìjọba Násì àti àwọn tó bá wọn lọ́wọ́ sí i pa, nǹkan bí mílíọ̀nù 1.5 ló jẹ́ ọmọdé. Wọn kò rí iṣẹ́ tí wọ́n lè fi ọmọdé ṣe, èyí tó sì burú ju ìyẹn lọ ni pé, nínú ẹ̀kọ́ tí Hitler fi kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ pa ìran kan run kò gbọdọ̀ fi irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti gúnlẹ̀ sí Birkenau, tí í ṣe apá tó tóbi jù ní Auschwitz, àwọn ọ̀gá SS, ìyẹn ẹgbẹ́ ológun Násì tó ń ṣàkóso àgọ́ náà, tí àwọn dókítà wà lára wọn, á dúró létí ọ̀nà, wọ́n á máa fi ọwọ́ júwe ẹni tó máa lọ sí apá ọ̀tún àti ẹni tó máa lọ sí apá òsì. Ọmọ tí kò bá jọ ẹni tó ti tó ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sábà máa ń bá ìyá rẹ̀ lọ tààrà sí ilé afẹ́fẹ́ olóró lọ́jọ́ náà gan-an, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tàbí kí wọ́n fín nọ́ńbà sí i lápá.

Nítorí náà, kì í ṣe agbára tàbí ọgbọ́n tí ọmọ kan ní ni ẹ máa kọ́kọ́ wá. Àlàfo tó ṣí sílẹ̀ fún un ni kí ẹ wá. Irọ́ ọjọ́ orí ni àlàfo tàwọn kan. Ọmọ ọdún 16 ni Simone Veil nígbà tí wọ́n kó o dé láti ilẹ̀ Faransé ní oṣù April ọdún 1944, tí ẹlẹ́wọ̀n kan sì sọ ọ́ sí i létí pé kó ní ọdún 18 ni òun. Ó sọ bẹ́ẹ̀, ó yè, nígbà tó sì di ọdún 1979, òun ni wọ́n yàn ṣe ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Yúróòpù. Fún àwọn ìbejì, ìwà ìkà ọ̀tọ̀ ló dá wọn sí: Josef Mengele, dókítà SS kan ní Auschwitz, ń ṣa àwọn ìbejì sọ́tọ̀ láti fi ara wọn dán nǹkan wò, ìdí nìyẹn tí ìbejì fi wà lára àwọn ọmọ tí àwọn sójà Soviet bá láàyè níbẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù January ọdún 1945, nínú nǹkan bí 7,000 ènìyàn tó ṣẹ́kù. Ní Buchenwald ẹ̀wẹ̀, tí í ṣe àgọ́ ìfìyàjẹni ní Jámánì, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó ti pẹ́ níbẹ̀ ya ilé kan sọ́tọ̀, Bulọ́ọ̀kù 66, fún àwọn ọmọkùnrin. Antonin Kalina, ará Czechoslovakia, ni olórí ilé náà. Nígbà tí wọ́n pàṣẹ ní ọjọ́ ìkẹyìn pé kí àwọn Júù jáde wá, ó ní kò sí Júù lọ́dọ̀ òun mọ́. Nǹkan bí 900 ọmọkùnrin ló wà láàyè nínú àgọ́ náà nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà wọlé ní ọjọ́ 11 oṣù April.

Ní ti ọmọ ọdún mẹ́wàá tí akẹ́kọ̀ọ́ yín gbọ́ nípa rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Thomas Buergenthal. Czechoslovakia ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1934, ogun sì ká òun àti àwọn òbí rẹ̀ mọ́ Póláǹdì, níbi tí wọ́n ti há wọn mọ́ àdúgbò àwọn Júù ní ìlú Kielce. Ní oṣù August ọdún 1942, wọ́n kó nǹkan bí 20,000 ènìyàn kúrò ní àdúgbò yìí lọ sí Treblinka, àgọ́ ikú mìíràn ní Póláǹdì, láti lọ pa wọ́n. Wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ sí, ìdílé Buergenthal sì wà nínú wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi padà wá ṣa àwọn ọmọ kéékèèké tó kù. Thomas kò sá, bẹ́ẹ̀ ni kò sunkún. Ó sọ fún ọ̀gá Jámánì tó ń pàṣẹ níbẹ̀ pé òun lè ṣiṣẹ́. Èdè Jámánì tí wọ́n ń sọ nínú ilé wọn ló fi sọ ọ́, kò sí ẹni tó ní láti ṣe ògbufọ̀. Ọ̀gá náà dá a sí.

Nígbà tí wọ́n wá kó wọn lọ sí Auschwitz ní oṣù August ọdún 1944, wọn kò ṣa ènìyàn sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí pé àgọ́ iṣẹ́ ni ọkọ̀ wọn ti gbéra, àwọn aláṣẹ sì gbà pé òṣìṣẹ́ ni gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ní January ọdún 1945, bí àwọn sójà Soviet ti ń sún mọ́ tòsí, wọ́n lé àwọn ẹlẹ́wọ̀n jáde sínú yìnyín. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi rìn, ẹni tó bá sì jókòó sílẹ̀, ìbọn ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú irin tí kò ní òrùlé. Bí ọkọ̀ náà ti ń gba ilẹ̀ àwọn ará Czech kọjá, àwọn ènìyàn dúró lórí afárá, wọ́n ń ju búrẹ́dì sílẹ̀ sí wọn. Nígbà tí Thomas dé Sachsenhausen, àgọ́ ìfìyàjẹni kan ní Jámánì, òtútù ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì. Ibẹ̀ ni Odd Nansen, ẹlẹ́wọ̀n kan láti Norway, ti ń wá bẹ̀ ẹ́ wò lórí ibùsùn, tó ń mú oúnjẹ wá fún un, tó sì ń fún ẹni tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn ní tábà kí orúkọ ọmọ náà má baà bọ́ sínú ìwé àwọn tí wọ́n máa kó lọ pa.

Nígbà tí wọ́n dá Thomas sílẹ̀ ní oṣù April ọdún 1945, kò tíì pé ọdún mọ́kànlá. Bàbá rẹ̀ ti kú ní Buchenwald. Ó tó ìparí ọdún 1946 kó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, ní ìlú Göttingen. Nígbẹ̀yìn, ó di adájọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní ìlú The Hague láti ọdún 2000 sí 2010. Oríire ni òun fúnra rẹ̀ máa ń pe yíyè tó yè títí ó fi kú ní ọdún 2023, kò sì fìgbà kan sọ pé òun gbọ́n ju àwọn ọmọ yòókù lọ.

Olùkọ́, bó bá jẹ́ èmi ni, ohun tí mo máa sọ fún ọmọ náà nìyí: àwọn tó kú gbàdúrà, àwọn tó yè náà gbàdúrà, ohun tó sì ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ lè má ju ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti gbéra lọ.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, abiyamọ ni mí. Mo kà á pé àwọn ìyá kan fi ọmọ wọn sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, àwọn mìíràn sì gbé ọmọ wọn fún ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Ọkàn mi kò gbà á. Ṣé ẹni tó rọbí ló lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé wọ́n sì tún rí ara wọn? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Kí a tó dá ìyá náà lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a dúró síbi tó dúró sí. Lóru ọjọ́ 9 mọ́jú ọjọ́ 10 oṣù November ọdún 1938, wọ́n dáná sun àwọn sínágọ́gù káàkiri Jámánì àti Austria, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn Júù, wọ́n sì kó nǹkan bí 30,000 ọkùnrin lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni Dachau, Buchenwald àti Sachsenhausen. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n lé gbogbo ọmọ Júù kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba Jámánì. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, nígbà tí ìyá ń ronú ohun tó máa ṣe, bàbá kò sí nílé mọ́.

Àsìkò yẹn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà kí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 wọ ilẹ̀ wọn, bí ẹnì kan bá lè fi pọ́n-ùn 50 dúró fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Wọn kò gba àwọn òbí. Àwùjọ àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí èbúté Harwich ní ọjọ́ 2 oṣù December ọdún 1938, nígbà tí ogun sì fi máa bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 10,000 ọmọ ti kọjá. Báàgì kékeré kan, máàkì Jámánì 10, àti káàdì tí a kọ nọ́ńbà sí tí wọ́n so mọ́ ọrùn: ẹrù wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àwọn ibùdókọ̀ kan, wọn kò jẹ́ kí àwọn òbí dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí igbe ẹkún má baà pọ̀ jù. Àwọn 250 ọmọ tó yẹ kí wọ́n gbéra láti Prague ní ọjọ́ 1 oṣù September ọdún 1939 kò rí ọ̀nà lọ, nítorí pé ọjọ́ náà gan-an ni ogun bẹ́ sílẹ̀.

Ẹ béèrè bóyá wọ́n tún rí ara wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fojú kan òbí wọn mọ́ láéláé. Ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ ni pé ní ọdún 1940, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà mú nǹkan bí 1,000 nínú wọn, àwọn tó ti lé ní ọdún 16, ó sì tì wọ́n mọ́lé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilẹ̀ ọ̀tá. Ó fi àwọn kan ránṣẹ́ sí Australia nínú ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ tó sá fún Jámánì di ẹni tí wọ́n tì mọ́lé nítorí pé ó wá láti Jámánì.

Ti Amsterdam, ní ilẹ̀ Netherlands tí Jámánì gbà, tún le ju èyí lọ. Ilé eré orí ìtàgé kan ní òpópónà Plantage Middenlaan ni wọ́n sọ di ibi tí wọ́n ń kó àwọn Júù jọ sí kí wọ́n tó kó wọn lọ. Wọ́n kó àwọn ọmọ kéékèèké sí ilé ìtọ́jú ọmọ tó wà ní òdìkejì títì, lábẹ́ àbójútó Henriëtte Pimentel. Walter Süskind, tí í ṣe Júù tó ń bójú tó ìwé nínú ilé eré náà, á yọ orúkọ ọmọ kúrò nínú káàdì, bí ẹni pé wọn kò bí i rí. Ó wá ku bí ọmọ yóò ṣe jáde kí ẹ̀ṣọ́ Jámánì tó dúró ní iwájú ilé eré má rí i. Ọkọ̀ tíráàmù ni wọ́n ń dúró dè. Bí ó bá ti dé àárín títì, tó sì dí ojú ẹ̀ṣọ́ náà, ẹni tó gbé ọmọ lọ́wọ́, tàbí tó gbé e sínú àpò tàbí apẹ̀rẹ̀, á jáde lẹ́nu ọ̀nà, á sì máa bá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà lọ títí yóò fi yà ní kọ̀rọ̀. Nǹkan bí 600 ọmọ ni wọ́n gbà là báyìí. Wọn kì í gbé ọmọ láìjẹ́ pé wọ́n béèrè lọ́wọ́ òbí rẹ̀, àwọn òbí kan sì kọ̀. Wọ́n ní ibi tí àwọn bá ń lọ ni ọmọ àwọn ń lọ. Èmi kò lè bá èyíkéyìí nínú wọn wí, ìyá tó gbé ọmọ sílẹ̀ tàbí ìyá tó dì í mú. Pimentel àti Süskind pẹ̀lú kò la ogun náà já.

Àwọn ọmọ tí wọ́n fi pa mọ́ báyìí gba orúkọ tuntun àti àdúrà tuntun, wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́. Nínú àwọn díẹ̀ tí òbí wọn padà wá, a rí àwọn tí kò dá ìyá wọn mọ̀ mọ́, tí wọ́n sì sá pa mọ́ sẹ́yìn obìnrin tó tọ́ wọn.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ mi. Mo gbà pé àgbà tó jìyà kò lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà yẹn, kí ló mọ̀? Mo gbọ́ pé Jámánì tún ń san owó fún irú wọn. Lójú tèmi, ọmọdé máa ń gbàgbé. — Òǹkàwé Yín Láti Ọjọ́ Pípẹ́

ÌDÁHÙN: A kò bínú, àmọ́ a kò gbà fún yín. Àgbà wá búra bí èwe kò bá ṣe ọ́ rí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yìí gan-an ni àwọn ẹbí àti àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ sọ fún àwọn ọmọ náà lẹ́yìn ogun: o kéré nígbà yẹn, o kò rí ohun tí àwa rí, gbàgbé, lọ kàwé rẹ. Àwọn ọmọ náà gbọ́ràn, wọ́n sì panu mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó di oṣù May ọdún 1991 kí nǹkan bí 1,600 nínú àwọn tí wọ́n fi pa mọ́ nígbà èwe tó kóra jọ ní New York, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní gbangba, nígbà tí ewú ti gba orí wọn.

Ẹ jẹ́ kí a tètè yanjú ti owó náà. Ní ọdún 2014 ni Jámánì gbà láti san euro 2,500, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fún Júù tí wọ́n bí láti ọjọ́ 1 oṣù January ọdún 1928 síwájú, tó sì ti wà ní àgọ́ ìfìyàjẹni, tàbí ní àdúgbò ìhámọ́, tàbí ní ibi ìfarapamọ́ nígbà èwe rẹ̀. Bí ẹ bá pín in sí nǹkan bí 70 ọdún tó wà láàárín ìparí ogun àti ìgbà yẹn, kò tó euro 36 lọ́dún kan.

Ní ti ohun tí ọmọdé mọ̀, Hans Keilson, dókítà tí òun náà farapamọ́ ní Netherlands nígbà ogun, tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1979 lórí àwọn ọmọ Júù tí ogun sọ di òrukàn ní ilẹ̀ náà. Ó pín ìyà wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: ìgbà tí ìnúnibíni bẹ̀rẹ̀, ìgbà àgọ́ tàbí ìfarapamọ́, àti ìgbà tí ogun ti parí. Ó rí i pé bí wọ́n ṣe tọ́jú ọmọ lẹ́yìn ogun ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tí ojú rẹ̀ rí màbo ní àgọ́, tó sì bọ́ sí ọwọ́ rere, fi sàn ju ọmọ tí ìyà rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ nígbà ogun, tó sì bọ́ sí ọwọ́ tí kò dára.

Ohun tí ẹnu kò lè sọ, ọwọ́ máa ń ṣe é. Ní oṣù August ọdún 1945, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú kó nǹkan bí 300 ọmọ tó la àgọ́ já láti Prague lọ sí Windermere ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní àsìkò oúnjẹ àkọ́kọ́, búrẹ́dì tó wà lórí tábìlì pòórá. Abẹ́ ìrọ̀rí ni wọ́n ti rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti sọ fún wọn pé òmíràn ń bọ̀ lọ́la. Ìwọ̀nyí ti dàgbà díẹ̀, àmọ́ ẹ béèrè nípa ọmọ ọdún mẹ́ta, ó sì wà nínú ìwé. Mẹ́fà ni wọ́n, wọ́n wà láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n ti pa òbí wọn, ibi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ aláìníyàá sí ní Theresienstadt, àgọ́ Násì kan ní ilẹ̀ àwọn ará Czech, sì ni wọ́n ti dàgbà, níbi tí ẹni tó ń tọ́jú wọn lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́la. Wọ́n mú wọn wá sí ilé kan tí wọ́n ń pè ní Bulldogs Bank ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Anna Freud, onímọ̀ nípa ọkàn ọmọdé, àti Sophie Dann, tó wà lára àwọn tó tọ́jú wọn, sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1951.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn ọmọ náà ti fọ́ gbogbo ohun ìṣeré tí wọ́n fún wọn. Wọ́n ń bú àgbàlagbà, wọ́n ń gé wọn jẹ, wọ́n ń tutọ́ sí wọn lára. Bí ẹ bá mú ọ̀kan kúrò láàárín wọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn márùn-ún yòókù á máa béèrè rẹ̀, ara wọn kò ní balẹ̀ títí yóò fi dé. Wọn kò mọ ohun tí ìyá ń jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ara wọn. Lọ́jọ́ kan, kéèkì tán kí ó tó kan ọmọkùnrin kan lẹ́ẹ̀kejì, ó sì bú sẹ́kún. Méjì nínú àwọn ọmọbìnrin náà gbé èyí tó kù ní ọwọ́ wọn fún un. Bó ti ń jẹ ẹ́, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń fi ọwọ́ pa á lára, wọ́n sì ń sọ ohun tí wọ́n fún un tayọ̀tayọ̀.